Ìlera Nínú Ilé: Kókó Tí Kì Í Dun Ọmọ

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìrora ni akéde ara. Bí eéwo bá sọ ọmọ, ẹkún rẹ̀ ni yóò jí ìyá rẹ̀ lóru. Bí ẹ̀gún bá gún un lẹ́sẹ̀, yóò máa tiro wọlé, a kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí kì í rán akéde ṣíwájú. Kókó kékeré kan ni yóò yọ lábẹ́ awọ, ní apá tàbí ní ẹsẹ̀, tí kì í gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kì í dun ni. A ó tẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ yóò máa rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe kókó, awọ ibẹ̀ ni yóò kàn le gbandi, tàbí kí gbogbo apá wú. Ìyá yóò wí pé, "Kò kúkú dùn ún, yóò lọ fúnra rẹ̀," bàbá yóò sì gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan awọ yóò bẹ́, egbò yóò sì hàn, inú rẹ̀ yóò funfun bí òwú, etí rẹ̀ yóò sì ṣófo lábẹ́ gẹ́gẹ́ bí bèbè odò tí omi ti jẹ nísàlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ojú ń rí lókè fi kéré púpọ̀ sí ohun tí ó ti bàjẹ́ lábẹ́ awọ.

Egbò Buruli ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ní tiwa, a ti dà á pọ̀ mọ́ gbogbo egbò yòókù tí a ń pè ní àdáàjinná, a sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ọ̀tá kan pàtó fara pamọ́ sáàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí ni èyí: báwo ni ohun tí ń jẹ ẹran ara ọmọdé tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa jẹ ẹ́ láìdùn ún? Nítorí láti inú ìdáhùn rẹ̀ ni òbí yóò ti mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó dúró de ìrora kí ó tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Yóò sì mọ̀ pẹ̀lú ìdí tí egbò náà fi lè dà bí ẹni pé ó ń burú sí i ní àkókò gan-an tí oògùn ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó lè mú kí òbí tí a kò kìlọ̀ fún gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn ìwòsàn, kí ó sì gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti pa á lára.

Àrùn náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1897, Albert Cook, oníṣègùn tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán lọ sí Uganda, kọ nípa irú egbò bẹ́ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Mengo, ní ìlú Kampala. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn oníṣègùn ìlú Bairnsdale ní ilẹ̀ Australia rí i lára àwọn ará agbègbè wọn, ní 1948 sì ni MacCallum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé kòkòrò kan ni ó ń fà á, èyí tí ó jẹ́ ìbátan kòkòrò ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ife. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni Mycobacterium ulcerans. Buruli tí a fi ń pe egbò náà jẹ́ orúkọ agbègbè kan ní Uganda, lẹ́bàá adágún Kyoga, níbi tí a ti rí aláìsàn púpọ̀ lẹ́yìn ọdún 1960.

Ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1965, wọ́n sé odò kékeré kan tí ó la ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kọjá, wọ́n sọ ọ́ di adágún. Lẹ́yìn èyí ni egbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí hàn lára àwọn òyìnbó tí ń gbé inú ọgbà náà, àwọn dókítà Ìbàdàn sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1976. Ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin, láàárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sọ èdè wa, ilé ìtọ́jú kan wà fún àrùn yìí nìkan. Ìròyìn kan jáde ní 2015 nípa àwọn ará ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà tí wọ́n la ibodè kọjá lọ gba ìwòsàn níbẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: kí a gbé ọmọ ní Ògùn tàbí ní Èkó, kí a gbé e la ibodè orílẹ̀-èdè kọjá, nítorí egbò ẹsẹ̀! Àwọn òbí wọ̀nyí ṣe é, a sì yìn wọ́n.

Ibi tí omi ti ń rọra ṣàn, tàbí tí ó dá rogún sí, ni àrùn yìí ti wọ́pọ̀. Ó ti hàn ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 30. Ní Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń mú ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ní Australia, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2024 tọ́ka sí ẹ̀fọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbé kòkòrò náà wọ ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, ìwádìí lórí ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé ṣì ń lọ. Ohun kan dájú tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀: kì í ran láti ara ẹnì kan sí èkejì bí ẹ̀yi. Kò sí ìdí tí a ó fi ya àwo ọmọ náà sọ́tọ̀, tàbí tí a ó fi lé e kúrò lórí ẹní àwọn arákùnrin rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀ràn náà. Ohun kan wà tí ó ń ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá mú díẹ̀ nínú ẹran egbò náà, tí wọ́n sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọn yóò rí i pé àwọn kòkòrò náà ṣù jọ sí ojú kan, ṣùgbọ́n ẹran tí ó ti kú nà jìnnà kọjá ibi tí wọ́n wà. Òkú wà níhìn-ín, apani wà lọ́hùn-ún. Ó ní láti jẹ́ pé kòkòrò náà ń tu nǹkan jáde tí ń rìn lọ ṣe iṣẹ́ ibi ní ọ̀nà jíjìn. Ní 1999, Kathleen George, Pamela Small àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ní ilé ìwádìí kan ní Montana ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yọ nǹkan náà sọ́tọ̀. Oró ni. Wọ́n pè é ní mycolactone. Nígbà tí wọ́n gún ẹranko ní oró yìí nìkan, láìsí kòkòrò kankan nínú rẹ̀, irú egbò kan náà ni ó yọ.

Oró yìí yàtọ̀ sí oró kọlẹ́rà, èyí tí í ṣe purotéènì. Irú ọ̀rá kan ni. Nítorí náà kò nílò ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Bí òróró ti í máa rin aṣọ ni ó ń rin ara sẹ́ẹ̀lì wọlé.

A ti sọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì lójú ewé yìí rí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, a ó tún un sọ. Gbogbo ara wa, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni a fi kọ́ ọ, àwọn yàrá wọ̀nyí ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé yàrá òfìfo ni. Ìlú ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó ní odi, ó ní ọjà, ó ní àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú oníṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn ahunṣọ, aṣọ tí wọ́n sì ń hun ni purotéènì. Òwú gígùn ni purotéènì nígbà tí ó bá kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ wọn, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn náà ni a ó ká a, tí a ó ṣẹ́ ẹ po, títí yóò fi rí bí ó ti yẹ kí ó rí fún iṣẹ́ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú aṣọ yìí, inú ìlú náà ni a ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni a hun fún òde: àwọn kan yóò jáde lọ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn yóò dúró lórí odi bí olùṣọ́ àti bí alágbàwò. Irú àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ jáde tààrà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ wọ ilé kan nínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí a ó ti ká wọn dáradára, tí a ó sì di wọ́n ní ẹrù. Endoplasmic reticulum ni orúkọ ilé náà lẹ́nu àwọn onímọ̀. A kò ní pe orúkọ yẹn mọ́ kí ahọ́n wa má baà ṣẹ́. Ilé ìdìrù ni a ó máa pè é.

Ilé ìdìrù yìí ní ibodè. Sec61 ni orúkọ ibodè náà. Ẹnu rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí òwú kan ṣoṣo ni ó lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ahunṣọ kì í dúró kí ó hun aṣọ tán kí ó tó gbé e wá. Ẹnu ibodè gan-an ni yóò gbé òfì rẹ̀ kalẹ̀ sí, bí ó sì ti ń hun ni òwú ń gba ẹnu ibodè wọlé. Ta ni ó sọ fún un pé kí ó lọ síbẹ̀, kí ó má sì ṣe jókòó sáàárín ìlú bí àwọn yòókù? Àmì kan wà ní orí òwú náà, bí ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ èrò. Günter Blobel, ẹni tí a bí sí Jámánì tí ó sì ṣiṣẹ́ ní New York, ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1999 nítorí àwárí àmì yìí. Inú àwọn onígbàgbọ́ yóò dùn láti gbọ́ pé ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀bùn náà ṣe ìtọrẹ fún ìlú Dresden, kí wọ́n fi tún ilé Ọlọ́run ńlá tí ogun wó kọ́, kí wọ́n sì fi kọ́ sínágọ́gù pẹ̀lú.

Ẹnu ibodè yìí ni oró egbò Buruli lọ dúró sí.

Kò rọrùn láti rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rachel Simmonds àti àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ kíyèsí ohun àjèjì kan. Bí wọ́n bá fi oró náà sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara, àṣẹ pé kí a hun aṣọ ń jáde bí ó ti yẹ, síbẹ̀ aṣọ kò dé ọjà. Ní 2014 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé òwú kò rí ọ̀nà wọ ilé ìdìrù. Àwọn ahunṣọ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń hun, òwú sì ń já sílẹ̀ lóde ibodè, níbi tí àwọn agbálẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì ti ń gbá a dànù gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí. Ní 2016, Caroline Demangel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Institut Pasteur ní Paris fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Sec61 fúnra rẹ̀ ni oró náà dì mú. Ẹ̀rí wọn wù wá púpọ̀. Sec61 pẹ̀lú jẹ́ purotéènì, ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni òun náà. Nígbà tí wọ́n yí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo padà lára rẹ̀, oró náà kò rí i mú mọ́, sẹ́ẹ̀lì tí ó ní irú ibodè bẹ́ẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó di 2020, àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ awò alágbára ya àwòrán ibodè náà pẹ̀lú oró tí ó há sí i lẹ́nu bí igi tí a fi há ilẹ̀kùn.

Bí a ti mọ èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí a bá ti ibodè rẹ̀ pa.

Ìkíní ni pé ìlú náà kò lè ránṣẹ́. Àwọn baba wa, kí ìwé tó dé, àrokò ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ní àrokò tirẹ̀. Bí kòkòrò bá wọ ara, sẹ́ẹ̀lì tí ó kọ́kọ́ rí i yóò tú purotéènì kéékèèké jáde láti fi pe àwọn ọmọ-ogun ara: ibí yìí gbóná, ẹ máa bọ̀. Nítorí àrokò yìí ni eéwo fi ń wú, tí ó ń pọ́n, tí ó ń ṣọyún. Ṣùgbọ́n àwọn àrokò wọ̀nyí, ọjà òde ni gbogbo wọn, ilé ìdìrù ni wọ́n ń gbà jáde. Nígbà tí ibodè bá há, kò sí èyí tí yóò lọ. Kòkòrò ń bí sí i, ẹran ara ń kú, àwọn ọmọ-ogun kò sì gbọ́. Ìdí nìyí tí kókó Buruli kì í fi í gbóná, tí ibà kì í sábà bá a rìn.

Ohun kejì ni ìdààmú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà sì ti jinlẹ̀ jù lójú tiwa. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe òkúta. Ó mọ̀ nígbà tí nǹkan bá wọ́. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dojú rú nínú ilé ìdìrù, tí aṣọ tí a kò ká dáradára bá kún ibẹ̀ bámú, agogo ìdágìrì a máa dún. Sẹ́ẹ̀lì yóò pàṣẹ kí àwọn ahunṣọ dín ọwọ́ kù, yóò sì rán àwọn olùrànlọ́wọ́ wọlé láti bá wọn ká aṣọ títí ọ̀nà yóò fi là. Ètò ọlọ́gbọ́n ni, Ẹlẹ́dàá ni a sì ń fi ìyìn rẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mycolactone bá há ẹnu ibodè, ilé ìdìrù kò kún. Òfìfo ni ó wà. Síbẹ̀síbẹ̀ agogo ń dún láàárín ìlú, àwọn ahunṣọ dín ọwọ́ kù. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ńkọ́? Purotéènì ni àwọn náà, ẹnu ibodè kan náà ni wọ́n ní láti gbà. Nítorí náà ìdágìrì wà, àtúnṣe kò sí. Simmonds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2018 pé ìdágìrì yìí gan-an, tí kò dáwọ́ dúró, ni ó ń ti sẹ́ẹ̀lì sí ikú. Kì í kú lójú ẹsẹ̀. Nínú àwo ìwádìí, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó parí ayé rẹ̀, bí ìlú tí a dó tì, tí kò sí ẹni tí ó wó odi rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí ohun tí ó wọlé tàbí tí ó jáde.

Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú awọ pẹ̀lú ń jìyà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú iṣan wọ̀nyí a máa gbé purotéènì kan tí à ń pè ní thrombomodulin sí ojú ara wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ká ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kò kí ó má baà dì níbi tí kò yẹ. Ibodè ni òun náà ń gbà dé ojú iṣẹ́. Bí kò bá sí i mọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò dì nínú iṣan, oúnjẹ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹran ara tí ó wà níwájú, ẹran náà yóò sì kú, àní níbi tí kòkòrò kò tíì dé.

Ìrora ńkọ́, èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa? Àìsí àrokò jẹ́ apá kan ìdáhùn, nítorí wíwú àti gbígbóná ni í sábà ń mú eéwo dun ni. Ṣùgbọ́n ní 2014, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn lára èkúté pé oró yìí ní ọgbọ́n mìíràn, èyí tí kò kan ti ibodè rárá: ó ń di alágbàwò kan mú lára àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ, ó sì ń mú kí wọ́n dákẹ́. Olè tí ó ti ọ̀nà pa mọ́ àwọn ońṣẹ́ tún fi aṣọ bo ẹnu ajá.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín nípa ọwọ́ ayé. Egbò tí kò dun ni, tí kò ní ohun tí ó gún ni, tí ó sì ń tóbi lójoojúmọ́, kò ṣe é dá ènìyàn lẹ́bi pé ó rò pé wọ́n fi nǹkan ṣe ọmọ òun ni, tàbí pé ọmọ náà tẹ ohun tí kò yẹ kí ó tẹ̀. Àwa kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n a ti rí i ní ìjọ púpọ̀ pé ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé, ìyàwó bàbá tàbí arúgbó àdúgbò ni a ó máa wò lójú burúkú, nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ lórí egbò. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn yóò wá ti ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òbí, bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù tí wọ́n wá kí i nínú eéwo rẹ̀ tí wọ́n sì di adájọ́ fún un. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò ṣe ilé ní àǹfààní. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Nítorí ìwòsàn wà, ó sì ti dára ju ti àtijọ́ lọ. Títí di nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀bẹ ni oògùn rẹ̀: a ó gé gbogbo ẹran tí ó bàjẹ́ àti díẹ̀ nínú èyí tí kò bàjẹ́, a ó sì mú awọ itan lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn pàdánù ẹsẹ̀ tàbí apá. Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lámọ̀ràn pé kí a máa lo rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún ọmọdé kì í ṣe eré, streptomycin a sì máa ba etí àwọn kan jẹ́. Lẹ́yìn náà, a dán oògùn oníhóró méjì wò ní Ghana àti ní Benin, rifampicin pẹ̀lú clarithromycin, lára àwọn tí egbò wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020: nínú ènìyàn 100, ó lé ní 90 tí ó san láìjẹ́ pé a fi ọ̀bẹ gé egbò wọn, yálà abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbà tàbí oògùn oníhóró nìkan. Oògùn oníhóró méjèèjì yìí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ni a ń lò nísinsìnyí. Ẹ kíyèsí i pé egbò tí ó tètè dé ilé ìwòsàn ni ìròyìn ayọ̀ yìí wà fún jù lọ. Kókó tí ó tó èso àgbálùmọ̀ kékeré, ọ̀ràn oṣù díẹ̀ ni. Egbò tí ó ti yí gbogbo ẹsẹ̀ ká lè gba ju ọdún kan lọ kí ó tó jinná, àti ọ̀bẹ pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí oògùn bá wá ń pa kòkòrò, oró á dín kù, igi tí ó há ẹnu ibodè á sì kúrò díẹ̀díẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Àrokò tí a ti dè mọ́lẹ̀ láti oṣù pípẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Àwọn ọmọ-ogun ara tí kò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ yóò rọ́ dé. Ibi tí ó tutù yóò gbóná, ibi tí ó dákẹ́ yóò wú, egbò lè gbòòrò sí i, ó lè ṣọyún, kókó tuntun tilẹ̀ lè yọ níbi tí a kò fojú sí. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn tí oògùn ti parí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọmọ tí kò sunkún ní gbogbo ìgbà tí àrùn ń jẹ ẹ́ lè wá sunkún nígbà tí ó bá ń san. Àwọn oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n dáradára, wọ́n sì ní bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ti sọ fún òbí ṣáájú, yóò wí pé oògùn òyìnbó ti ba ọmọ òun jẹ́, yóò sì gbé e lọ ní òru. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹ pe dókítà, kí ẹ má sì ṣe dá oògùn dúró fúnra yín.

Iṣẹ́ kan kù tí ilé ìwòsàn kò lè ṣe tán láìsí ará ilé. Bí egbò bá wà lẹ́bàá orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́, awọ tuntun a máa fà bí ó ti ń jinná, ẹsẹ̀ yóò sì ká kò. Nọ́ọ̀sì yóò kọ́ yín bí a ti ń nà án àti bí a ti ń ká a. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa ṣe é pẹ̀lú ọmọ náà, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ má ṣe dúró títí egbò yóò fi dì. Bí ó bá ń sunkún, ẹ fún un ní nǹkan mu, ẹ sinmi, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.